Ìka tó ń funfun lórí ẹja yìnyín: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti Ẹ̀pẹ́

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ẹni ọdún 43. Ó ń ta ẹja yìnyín ní Ẹ̀pẹ́, kì í ṣe ní ọjà Olúwo tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ ẹja odò, bí kò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tó ti ń tú páálí títùs, kòtè àti ṣáwà fún àwọn olóúnjẹ àti àwọn ìyàwó ilé. Ọdún 11 ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí ìka rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ó gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí n má dárúkọ òun, nítorí náà Ìyá Ẹlẹ́ja ni n óò máa pè é, bí àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe ń pè é. Èmi tí mo ń kọ ọ́ jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan nílùú yìí. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni pé fún oṣù 14, obìnrin yìí ń jẹ̀rora láràárọ̀ nítorí ohun tó ní orúkọ, tó ní ìdí, tí a sì lè dín kù, síbẹ̀ kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ronú kàn án, nítorí a ti gbà pé ilẹ̀ olóoru ni tiwa, òtútù kò sì lè ṣe èèyàn léṣe níbí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ra títùs. Ó gbé odidi páálí kan, ó là á mọ́ símẹ́ńtì kí yìnyín tó so ẹja náà pọ̀ lè já, ó sì ki ọwọ́ lásán bọ àárín rẹ̀ láti fa àwọn tó wà nísàlẹ̀ yọ. Nígbà tí yóò fi fa ẹ̀kẹta yọ, ó dúró, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Èmi náà bá a wò ó. Ìka ìfábẹ̀là, ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e ní ọwọ́ ọ̀tún ti ṣì, wọ́n rí bí eérú láti orí èékánná dé oríkèé kejì, ibi tí eérú náà sì parí sí mọ́ kedere, bí ìgbà tí èèyàn bá ki ìka bọ ẹfun tó sì fà á yọ. Ìdí èékánná tó yẹ kó pọ́n ti funfun. "Ó ti tún kú nìyẹn, Nọ́ọ̀sì," ló wí, ó sì fi ọwọ́ òsì gba owó lọ́wọ́ mi nítorí tọ̀tún kò lè di náírà mú. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, eérú náà yí padà, ó dúdú bí aró. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá pọ́n, tó wú díẹ̀, tó sì ń lù kìkì débi pé omi bọ́ lójú ìyá náà. Ó sọ nǹkan kan fún mi lọ́jọ́ náà tí n kò gbàgbé: "Bó ṣe ń kú kò dùn mí tó bó ṣe ń jí."

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo rántí pé oṣù márùn-ún ṣáájú ni ó ti wá sọ́dọ̀ wa ní ilé ìwòsàn, tó ní ọwọ́ òun ń kú tipiri, àti pé èmi gan-an ni mo kọ oògùn fítámì fún un, tí mo sì ní kó máa sinmi. N kò béèrè ìgbà tó ń kú, n kò béèrè bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà. Mo jẹ̀bi ìyẹn, mo sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn ti fún un ní ìdáhùn tiwọn. Àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe, pé ta ni yóò máa fọwọ́ kan yìnyín tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní tutù? Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní làkúrègbé ni. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń tajà ní ọwọ́ ayé ni, pé wọ́n ti fi nǹkan sí owó tó gbà. Ìyá Ẹlẹ́ja fi àdí àgbọn pa á, ó fi bámù pa á, ó gbé oògùn ibà mì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mu oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń kiri. Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni omi gbígbóná. Nígbàkígbà tí ìka náà bá ti kú, yóò da omi gbígbóná láti inú fúláàsì sínú abọ́, yóò sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ìka kò sì mọ nǹkan kan lára, kò mọ̀ pé omi náà ń bó òun. Lọ́jọ́ tí mo rí i, ilé omi kan tó ti bẹ́ ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ ìka àárín rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irú ìka bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá yé yóò mọ ìdí tí ìtọ́jú fi rí bó ṣe rí. Ara ń ṣọ́ ooru inú rẹ̀ bí ìyá arúgbó ṣe ń ṣọ́ iná ààrò: ó fẹ́ kí ọpọlọ, ọkàn àti ẹ̀dọ̀ wà ní ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tàbí kí ó súnmọ́ ọn. Bí òtútù bá kan awọ, àṣẹ a lọ sọ́dọ̀ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà ní ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ pé kí wọ́n súnkì, kí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná má baà jáde lọ ṣòfò ní ẹ̀yìn odi. Gbogbo wa ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n lára àwọn kan, iṣan náà a gba àṣẹ kékeré, a sì ṣe é ní àṣejù: yóò fún pọ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kò sí níbẹ̀ ni ìka ń funfun; ìgbà tí ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó kù síbẹ̀ bá ti ná gbogbo ọ́síjìn inú rẹ̀ tán ló ń dúdú bí aró; ìgbà tí iṣan bá sì ṣí padà tí ẹ̀jẹ̀ rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ló ń pọ́n, tó ń lù kìkì, tó ń ta bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i. Kì í ṣe òtútù nìkan ló ń fà á o. Ìpayà àti ìbínú lè fà á pẹ̀lú, nítorí iṣan ìmọ̀lára kan náà ló ń pa àṣẹ méjèèjì. Ìyá Ẹlẹ́ja sọ pé lọ́jọ́ kan tí òun àti ẹni tó jẹ òun lówó ń fa ọ̀rọ̀, tí òun kò tilẹ̀ tí ì fọwọ́ kan ẹja, ìka òun kú lójú gbogbo èèyàn.

Maurice Raynaud, dókítà ará Faransé, ló kọ́kọ́ kọ ìwé tó jinlẹ̀ nípa rẹ̀ ní ọdún 1862, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà títí di òní. Oríṣi méjì ló wà. Èkíní máa ń dá wá fúnra rẹ̀, láìsí àìsàn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀; ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, láàárín ọdún 15 sí 30 ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀; ọwọ́ méjèèjì ló máa ń mú, kì í sì í dá egbò sí ìka. Èkejì ni èyí tí nǹkan mìíràn fà. Ó lè jẹ́ àìsàn tí ọmọ ogun ara fi ń bá ara fúnra rẹ̀ jà, pàápàá scleroderma, èyí tó ń mú kí awọ le kí ó sì fà gan-an, tí ìka funfun sì lè ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí lupus. Ó lè jẹ́ sìgá. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ tó ń gbọn ọwọ́ jìgìjìgì: ní ọdún 1918, Alice Hamilton, dókítà obìnrin ará Amẹ́ríkà, yẹ ọwọ́ àwọn agbẹ́kùúta wò ní ìpínlẹ̀ Indiana, ó sì rí i pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ òkúta ló ń sọ ìka wọn di funfun. Mo máa ń rántí èyí bí mo bá rí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ la gẹdú tàbí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ́ kọnkéré. Ó sì lè jẹ́ oògùn.

Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú aláwọ̀ dúdú mọ̀. Ọwọ́ àwọn òyìnbó ni ó pọ̀ jù nínú àwòrán àìsàn yìí tó wà nínú ìwé tí a fi kọ́ṣẹ́, níbi tí funfun ti hàn bí ẹni pé wọ́n kùn ún. Lára tiwa, ẹ̀yìn ìka lè rí bí ẹni tí kò fi ìpara para nínú ọyẹ́, kí èèyàn sì fojú fò ó. Ìdí èékánná, orí ìka àti àtẹ́lẹwọ́ ni kí a wò. Bí ìka náà bá sì ti jí kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ wa, kí a ní kó fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ nígbà mìíràn tó bá tún kú. Àwòrán mẹ́rin tí ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja yà ló fi gbogbo rẹ̀ han dókítà wa láìsí àríyànjiyàn.

Ọdún 42 ni ìyá yìí wà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ orí náà sì ni kò jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀, nítorí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 30, ó yẹ kí a wá ìdí kan kiri. A béèrè bóyá awọ ọwọ́ tàbí ti ojú rẹ̀ ń fà. Bóyá oúnjẹ ń há a lọ́fun tàbí àyà ń ta á. Bóyá ẹnu àti ojú rẹ̀ ń gbẹ. Bóyá oríkèé rẹ̀ ń wú láàárọ̀. Bóyá èémí rẹ̀ ń kúrú. Ó ní rárá sí gbogbo rẹ̀, àfi èémí, tó ní ó ń kúrú bí òun bá gbé páálí. Kò mu sìgá rí. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 118/74, ìlù iṣan sì ń lọ déédéé ní ọrùn ọwọ́ méjèèjì àti ní ẹsẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń kú, ṣùgbọ́n kò kà á sí, nítorí sílípáàsì ló fi ń dúró sínú omi yìnyín láti aago márùn-ún àárọ̀, ó sì rò pé bó ṣe yẹ kí ẹsẹ̀ rí nìyẹn.

Mo béèrè oògùn tó ń lò. "Rárá o, Nọ́ọ̀sì, n kì í lo oògùn, ara mi le." Mo tún un bi: kò wá sí ohun kankan tí ẹ ń gbé mì láràárọ̀, ìyá wa? Ó ronú díẹ̀. "Àfi ti àyà." Ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì mú ọ̀rá kékeré kan jáde, inú rẹ̀ ni sáṣẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ti gé sí méjì wà, orúkọ oògùn náà ṣì hàn ní ìdajì: Propranolol, 40 mg. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ta ẹja ló júwe rẹ̀ fún un nígbà tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, kẹ́míìsì ló tà á fún un láìbéèrè nǹkan kan, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló sì ti ń gbé e mì láti ìgbà náà. A jọ ka oṣù sẹ́yìn, a fi ìkómọ ọmọ ọmọ rẹ̀ àti ọdún Iléyá ṣe àmì. Oṣù 16 ló ti ń lo oògùn náà. Oṣù 14 ni ìka rẹ̀ ti ń kú.

Propranolol jẹ́ oògùn tó wúlò púpọ̀ fún ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó sì da tirẹ̀ nù. Ó ń mú kí ọkàn rọra lù, ṣùgbọ́n ó tún ń dí ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi ń tú ara wọn sílẹ̀, nítorí náà ó lè mú kí ìka tutù, kó sì sọ ẹni tí iṣan rẹ̀ ti ń súnkì tẹ́lẹ̀ di ẹni tí ìka rẹ̀ ń kú. Atenolol, tó jẹ́ ẹbí rẹ̀, lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bákan náà ni ergotamine tí àwọn kan ń lò fún ẹ̀fọ́rí túúlu, àti pseudoephedrine tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn, èyí tí àwa èèyàn sì máa ń rà jù nígbà ọyẹ́ gan-an. Èèyàn kò gbọdọ̀ já Propranolol lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ọkàn lè bínú padà, kó máa sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni dókítà wa fi dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ṣùgbọ́n kí ni ìdí tí àyà fi ń lù ú kìkì láti ìbẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni kẹ́míìsì kò béèrè. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó: ìwọ̀n rẹ̀, èyí tí a ń pè ní PCV, jẹ́ ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó yẹ kó tó 36 fún obìnrin. Ó ti tó ọdún méjì tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń ya lọ́pọ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé ìju (fibroid) ló wà nínú ilé ọmọ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń sáré nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ní láti gbé kiri kò tó, èémí rẹ̀ sì ń kúrú nítorí ohun kan náà. Oògùn tó gbà wá pa ariwo náà lẹ́nu mọ́, ó sì lọ da ìka rẹ̀ láàmú. Wọ́n fi oògùn tó ní irin nínú tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n sì tọ́ka rẹ̀ sí ilé ìwòsàn ńlá fún ti ìju.

Ní ilé ìwòsàn ńlá náà, wọ́n kán òróró díẹ̀ sí ìdí èékánná rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ojú wo àwọn iṣan tín-ín-rín ibẹ̀. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí eyín òòyà. Lára ẹni tó ní scleroderma, wọn a fẹ̀, wọn a ya, àwọn mìíràn a sì pòórá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ANA, èyí tó ń wá àmì pé ọmọ ogun ara ń bá ara jà, kò sì rí nǹkan kan. Ayọ̀ ńlá ni fún wa, síbẹ̀ dókítà kò sọ pé ó tán síbẹ̀: nítorí ọjọ́ orí tí ó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò tún un wò lẹ́yìn ọdún kan.

Iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó kù, ibẹ̀ ni mo sì ti lo àkókò jù, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ fún opó tó ń tọ́ ọmọ mẹ́rin pé kó fi ẹja yìnyín sílẹ̀. Ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo ni wọ́n sábà ń fi ẹja sí nínú ilé yìnyín, ó sì máa ń wọ ibẹ̀ pẹ̀lú búláòsì alápá kékeré. Ohun tí mo kọ́kọ́ bá a jà lé lórí nìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọwọ́ nìkan ni kí a bò. Bí àyà àti ẹ̀yìn bá tutù, ara yóò pàṣẹ fún ìka láti súnkì bí a tilẹ̀ fi ìbọ̀wọ́ mẹ́ta bò ó. Ó ra súẹ́tà méjì lọ́jà òkìríká, ó sì ń wọ̀ wọ́n pẹ̀lú fìlà kí ó TÓ wọlé, kì í ṣe ìgbà tí òtútù bá ti mú un. Ní ọwọ́, ìbọ̀wọ́ òwú ló ń kọ́kọ́ wọ̀, ó sì ń fi ti rọ́bà lé e. Ó ní òmíràn gbígbẹ nínú àpò, nítorí ìbọ̀wọ́ tó rin burú ju ọwọ́ lásán lọ. Bàtà òjò àti ìbọ̀sẹ̀ rọ́pò sílípáàsì, pákó kan sì wà lórí símẹ́ńtì níbi tó ń dúró sí. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń la páálí báyìí, irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n sì fi ń ya ẹja sọ́tọ̀ dípò ìka.

Bí ìka bá sì kú náà, a yí bó ṣe ń jí i padà. Yóò kúrò nídìí yìnyín, yóò ki ọwọ́ sí abíyá, tàbí kó na apá, kó máa jù ú yíká bí ẹni ń fi kànnàkànnà, kí ẹ̀jẹ̀ lè sáré lọ sí orí ìka. Bó bá fẹ́ lo omi, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, ìgúnpá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, bí a ṣe ń tọ́ omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun wò. Kò sí iná, kò sí fúláàsì. Bí gbogbo èyí kò bá tó, dókítà ní oògùn tó ń tú iṣan sílẹ̀, nifedipine tàbí amlodipine, ṣùgbọ́n ó ń dín ìfúnpá kù, ó sì lè fa ẹ̀fọ́rí tàbí ẹsẹ̀ wíwú, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń rà ní gígé bí ti àkọ́kọ́. Ìyá Ẹlẹ́ja kò nílò rẹ̀. Mo sì sọ ohun tí yóò mú un sáré wá bá mi fún un: egbò ní orí ìka tí kò jinná, ìka tó dúdú tí kò padà, tàbí ọwọ́ kan ṣoṣo tó tutù lójijì tí ìrora rẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe ti Raynaud mọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ti dí iṣan ńlá, wákàtí díẹ̀ sì ni èèyàn ní kí ọwọ́ náà tó bàjẹ́.

Kò mọ̀wé púpọ̀, nítorí náà ṣọ́ọ̀kì la fi ṣe ìwé àkọsílẹ̀: bí ìka bá kú, yóò fa ìlà kan sórí ìdérí fìríìsà. Ní ọ̀sẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀, ìlà mẹ́sàn-án ló fà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, méjì ni. Ní oṣù Ògún, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di 34, àyà rẹ̀ kò sì lù kìkì mọ́ láìlo Propranolol. Nígbà tí ọyẹ́ tún dé nínú oṣù Ọ̀pẹ, ìlà náà pọ̀ sí i, ó di mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo bi í léèrè, ó sì jẹ́wọ́ pé ọmọ òun obìnrin ló wọ súẹ́tà náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo bá a ra ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo yà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìjẹta, ìlà kan ṣoṣo ló wà lórí ìdérí náà, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún ka ṣéńjì mi fún mi.